Àlàfo Mẹ́fà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Baba Àlàfo, ẹ sọ fún un pé àlàfo ò wúlò. Ọkùnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé tíì rẹ̀ mu níwájú rẹ̀, á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti wà ní ilé iṣẹ́ kan náà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kọjá ẹnu ilẹ̀kùn rí. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan àlàfo rẹ̀ ná, kí ẹ wá wo bí ojú rẹ̀ á ṣe pọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ ìnagijẹ yẹn fún un. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, bóyá lẹ́ni méjì ló ṣì rántí rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ni wọ́n ń ṣe, èyí kékeré tí àwọn tí etí wọn ti wúwo máa ń fi há ẹ̀yìn etí. Àwọn kan ń jó wáyà mọ́ra, àwọn kan ń ki bátìrì bọ inú rẹ̀, àwọn kan ń dì í sí páálí. Ti Baba Àlàfo ni pé kó kọ ètò tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Èdè tí wọ́n ń pè ní asẹ́ńbílì ló fi ń kọ ọ́, èdè tó sún mọ́ ẹ̀rọ jù lọ, tí a ti ń sọ gbogbo ìṣísẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà, ibi tí àṣẹ ń gbé, kéré, báìtì báìtì ni wọ́n ń wọn àṣẹ sínú rẹ̀, bí a ti ń fi ago wọn ìrẹsì. Yàrá rẹ̀ wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Fèrèsé kan ló ní, ògiri ló sì kọjú sí. Àga méjì ló wà níbẹ̀: òun jókòó lé ọ̀kan, ìwé jókòó lé èkejì, nítorí kò sí àlejò.

Ọ̀rọ̀ àlàfo yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí lọ́jọ́ tí wọ́n là á yé èmi náà, mo kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Ṣíípù, ọpọlọ kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, kì í gbé àṣẹ ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógún ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń fi tíréè gbé ife. Ààlà tíréè kọ̀ọ̀kan ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò ṣeé sún. Bí iṣẹ́ kan bá gba báìtì mẹ́rìndínlógún, tó sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí ààlà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa gbé e. Bó bá lọ bẹ̀rẹ̀ láàárín tíréè, ó di pé kí wọ́n lọ, kí wọ́n tún lọ. Bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń mú ohùn láti ìta wọnú etí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ń yípo kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ wá sọ ìrìn rẹ̀ di méjì, kí ẹ rí i bí ohùn ṣe máa pẹ́ lọ́nà!

Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́n á to báìtì òfìfo, èyí tí wọ́n ń pè ní àlàfo, síwájú iṣẹ́ náà, àṣẹ tí kò sọ ju "máa kọjá lọ" lọ, títí iṣẹ́ náà á fi bọ́ sórí ààlà. Ẹni tí kò mọ̀ á wò ó, á rò pé ìfiṣòfò ni.

"Baba, kí lèyí ń ṣe níbí?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé ká yọ ọ́ nígbà náà?"

Hẹ̀n-ẹ́n! Ogun dé. "Ìwọ gan-an ni ká yọ!" Ọkùnrin tí kì í pariwo á máa lu tábìlì. "Ohun tí kò ṣe nǹkan kan yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn tó kù rí nǹkan ṣe!"

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè fi ọ̀rọ̀ yẹn dá àpárá tí kò ní bínú. Aránṣọ ni obìnrin náà. Bó bá ti fẹ́ sùn, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀ níhà, á ní, "Ẹ sún síbí jọ̀ọ́, ẹ ò sí lórí ààlà." Ẹyinjú ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ, wọn ò sì torí ẹ̀ bára wọn jà. Ìyẹn nìkan tó kí ènìyàn mọ irú ẹni tí àwọn méjèèjì jẹ́. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló gbé ìyàwó náà lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, Baba Àlàfo ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó tì mọ́.

Ní ilé iṣẹ́ wọn, àṣà kan wà láàárín àwọn akọ̀wé ètò. Olúkúlùkù máa ń fi nǹkan kan pamọ́ sí ìdí mẹ́mọ́rì, níbi tí oníbàárà ò lè dé: orúkọ ìyá rẹ̀, nọ́ńbà tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé, ohun tó bá ṣáà wù ú. Ọ̀gá tó kọ́ Baba Àlàfo níṣẹ́ fi orúkọ ajá rẹ̀ sí i. Baba Àlàfo nìkan ni kò fi nǹkan kan sí i rí. "Àyè ò sí," ló máa ń sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ torí ilé ti fẹ̀ jù fún un, ó sì wá àyè. Lẹ́tà mẹ́fà ló tò sí ìdí mẹ́mọ́rì: E, Y, I, N, J, U. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹ̀rọ tó bá jáde nílé iṣẹ́ yẹn ń gbé orúkọ obìnrin náà lọ sẹ́yìn etí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́nká, wá bá a gbélé lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti di ọdún mẹ́ta. Etí ìyá náà ti kú tán, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ fún un látijọ́ ló fi ń gbọ́. Kò tíì lo oṣù kan nínú ilé náà tó fi jókòó lé ẹ̀rọ náà, ó fọ́ yángá. Àbúrò rẹ̀ gbé tuntun wá fún un láti ibi iṣẹ́. Ìyá náà fi sétí, ó ní kó sọ̀rọ̀, ó sì ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ẹnu rẹ ń ṣáájú ohùn rẹ," ló wí. "O ti panu dé tán kí n tó gbọ́ nǹkan. Òòyì ń kọ́ mi."

Ó fara dà á fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ sínú agolo bísíkíìtì, ó dé e pa. Bí ilé náà ṣe dákẹ́ nìyẹn o. Wọ́n á jẹun ní tábìlì kan náà, wọ́n á fọwọ́ júwe iyọ̀, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tó bá gùn sórí ìwé. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, mi ò sọ pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì lè wà lábẹ́ òrùlé kan kí ó jẹ́ pé olúkúlùkù dá wà. Baba Àlàfo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná. Kò pa á mọ́ra, ta ló máa gbọ́? "Ẹyinjú, iyọ̀ yìí mà pọ̀." "Ẹyinjú, bàtà tó o rà fún mi ti ya." Á sọ ọ́ sókè ketekete, bó ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kó tó gbé oúnjẹ lọ sí pálọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan lòòyì ń kọ́ o. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, lẹ́tà ẹ̀sùn tó ń dé sílé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ń pọ̀ sí i, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ohùn ń pẹ́ dé. Obìnrin tó ń darí ilé iṣẹ́ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, pààrọ̀ bátìrì. Kò tán. Ó pààrọ̀ wáyà. Kò tán. Baba Àlàfo fúnra rẹ̀ tún ètò náà wò, ó ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀, kí wọ́n lọ wádìí àwọn tó ń ta maikirofóònù. Ni Ọ̀gá bá pe gbogbo wọn jọ, awò ojú rẹ̀ lórí irun bí ìṣe rẹ̀. Ó ní bó bá fi di òpin oṣù tí ọ̀ràn náà ò yanjú, àwọn ò ní ṣe ẹ̀rọ náà mọ́, ibòmíràn làwọn máa kọjú sí. Gbogbo wọn ń ronú iṣẹ́ wọn. Baba Àlàfo ń ronú agolo bísíkíìtì. Bí wọn ò bá ṣe é mọ́, bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe máa dákẹ́ lọ títí ọjọ́ ikú nìyẹn, òun náà á sì dákẹ́ tì í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ìyá náà ń tú báàgì rẹ̀ tò. Ó kan áńkáṣíìfù kan tó di kókó. Ó tú u, ẹ̀rọ àtijọ́ tó jókòó lé fọ́ ló wà níbẹ̀. Ó gbé e sí abẹ́ imú àbúrò rẹ̀, ó sì pariwo bí àwọn tí kò gbọ́ ohùn ara wọn ṣe máa ń pariwo:

"Èyí nìkan ló gbọ́rọ̀ fún mi dáadáa! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é, àbí ẹ ti gbàgbé bí ẹ ṣe ń ṣe é ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Baba Àlàfo lára. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbé ẹ̀rọ fífọ́ náà lọ síbi iṣẹ́. Ìkarahun rẹ̀ ló fọ́, ṣíípù rẹ̀ ṣì yè. Ó ka ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó tẹ ti tuntun náà síwèé, ó wá tẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó fi rúlà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ojú ewé kìíní, ọ̀kan náà ni. Ìkejì, ọ̀kan náà ni. Ó dé ojú ewé kọkànlá. Nínú ti àtijọ́, báìtì òfìfo mẹ́fà tò síwájú iṣẹ́ tó ń gbé ohùn, iṣẹ́ náà sì jókòó gẹ́lẹ́ lórí ààlà. Nínú ti tuntun, kò sí àlàfo kankan. Iṣẹ́ náà ti yọ́ gòkè ní báìtì mẹ́fà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí tíréè méjì.

Inú bí i. "Ta ni ọ̀dájú tó fọwọ́ kan àlàfo mi?" Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ètò náà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ni. Yéè! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó kó ìwé kúrò lórí àga kejì, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò nínú yàrá ara rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ wá padà sọ́kàn rẹ̀. Mẹ́mọ́rì ti kún lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà mẹ́fà, kò rí àyè mẹ́fà, ó sì rí báìtì mẹ́fà tí kò ṣe nǹkan kan. Òun tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lu tábìlì lórí wọn! Ó ní òun máa wá àyè fún wọn bó bá dọ̀la. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di oṣù, ó sì gbàgbé, tàbí ó fẹ́ gbàgbé. Èmi tí mò ń sọ ọ́ ò lè búra sí i. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òun ò ríran lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin á ní, ṣebí kó dá àlàfo padà ni? Níbo ló máa dá a padà sí? Àyè mẹ́fà ni àlàfo ń bèèrè, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló sì wà lórí àyè mẹ́fà náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá àyè mìíràn. Ó fún ètò náà bí ẹni ń fún ọsàn tí wọ́n ti mu tán. Kò rí báìtì kan. Òun kọ́ ló ti fún un gbẹ láti ọdún yìí wá? Ó ronú pé kóun to lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àlàfo náà gan-an. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ṣíípù bá bá lójú ọ̀nà, àṣẹ ló kà á sí. Á mú orúkọ olóògbé, á fi ṣe ìṣirò, á sì ya wèrè. Kó ní kí ẹ̀rọ fò ó kọjá ńkọ́? Fífò náà ń jẹ báìtì méjì, lẹ́tà mẹ́rin ló máa kù. Kò ní gé orúkọ ìyàwó rẹ̀ kúrú.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ọ̀gá wọlé wá bá a, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sáwọn onímaikirofóònù ti ṣe tán. A ò bá wọn ṣe mọ́."

Baba Àlàfo dìde. "Ẹ má fi ránṣẹ́, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́. Wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni."

"Ẹ̀yin báwo?"

"Mo yọ àlàfo."

Ọ̀gá kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin yọ àlàfo?" Ó wọlé tán, ó fa awò ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí irun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ló kún apá òsì. Ní apá ọ̀tún, níbi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń fi nọ́ńbà hàn ní lẹ́tà, pàǹtí ni gbogbo ẹ̀, àfi ìlà tó kẹ́yìn: EYINJU. Ọ̀gá kà á, ó tún un kà. Ó mọ obìnrin tí Baba Àlàfo ń pè bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ló rán aṣọ tí Ọ̀gá wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Kò bínú. Ì bá dáa ká ní ó bínú. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọkùnrin náà, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é." Ó jáde, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Baba Àlàfo jókòó. U ló kọ́kọ́ pa, ó wá pa J. Ní ti N, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó bu omi mu, ó sì padà síbẹ̀. Nígbà tí kò ku lẹ́tà kankan, ó lọ sí ojú ewé kọkànlá, ó tẹ báìtì òfìfo mẹ́fà síwájú iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ààlà. Ó dán an wò: ohùn wọlé bó ṣe ń jáde. Ó ṣẹ́gun, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó délé pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ká aṣọ. Bó ti rí i, ó fajú ro. "Mi ò fi sétí mọ́ o! Òòyì!" Àbúrò rẹ̀ pa ọwọ́ pọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, títí ìyá náà fi gbà á, tó fi há etí. Ni Baba Àlàfo bá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí ẹnu rẹ̀, ó gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ìyá náà fọwọ́ júwe pé kó rọra. "Má pariwo mọ́ mi," ló wí. "Mi ò dití."

Ó wá ń yí orí kiri. Ó gbọ́ aago ògiri. Ó gbọ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán. "Ṣé bí ilé yìí ṣe ń pariwo nìyí?" Ẹ̀rín ń pa á, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Baba Àlàfo bọ́ sí ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀wà àná kaná. Ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó kọjú sí ìkọ́ tí ife ìyàwó rẹ̀ ṣì há sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́ta.

"Ẹyinjú, má bínú sí mi. Mo pa orúkọ rẹ rẹ́ lónìí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé ìkejì. Kò tún sí níbì kankan mọ́. Kò sẹ́ni tó máa gbé e dání mọ́, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ máa gbọ́ pé…"

"Mo gbọ́."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó ń ká ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Baba Àlàfo ti gbàgbé pátápátá! Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tún etí náà ṣe, òun náà ló sì gbàgbé pé etí ti wà nínú ilé. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkọ̀kọ̀.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rí orí rẹ tó ń mì níbí yìí," ni ìyá náà wí. "Mo rò pé orin lò ń kọ." Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Àbúrò mi, ta ló ti ń dá ọ lóhùn látọjọ́ yìí?"

"Kò sí, mà."

"Kò sí?" Ìyá náà mi orí, ó fi etí aṣọ náà nu ojú. "Ó dáa. Pe ìyàwó mi, kí n gbọ́."

Baba Àlàfo kọjú sí i. Ó rọra pè é.

"Ẹyinjú."

Ìyá náà ń wo ẹnu rẹ̀. Ohùn àti ẹnu jọ dé ni. Ó di etí tí ẹ̀rọ wà mú bí ẹni pé nǹkan fẹ́ jábọ́ níbẹ̀.

"Ìyàwó mi ní ẹ̀wà rẹ ń jóná," ló wá wí.

Lóòótọ́ ni, ó ti ń jóná. Baba Àlàfo paná, ó bu èyí tí kò tíì dúdú sínú abọ́ méjì, àwọn méjèèjì sì jẹun níbẹ̀ ní ilé ìdáná, wọn ò gbé e lọ sí pálọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí abọ́ gbẹ, ìyá náà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Tún un pè," ló wí.

Baba Àlàfo tún un pè.